Egbò Ojúgun Ìyá Mi Tí N Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Wò

Bí ẹnikẹ́ni bá ní alágídí ni mí, n kì í bá a jiyàn. Àgídí mi ti ṣe ohun rere kan láyé yìí, mo sì ń fi í yangàn títí di òní. Òun ló dá ẹsẹ̀ ìyá mi sí.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í jókòó mọ ìkòkò. Yóò gbé amọ̀ kalẹ̀, yóò tẹ̀ ba, yóò sì máa fi ẹ̀yìn rìn yí i po, tí ọwọ́ rẹ̀ á máa nà án, títí amọ̀ yóò fi di odidi ìkòkò. Ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ méjèèjì kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lọ sílé ọkọ ní Ọ̀yọ́, mo bá ìkòkò rẹ̀ nílé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. N ó fi ìka lù ú, yóò dún gooro, n ó sì sọ fún wọn, bí wọn kò tilẹ̀ bi mí, pé ìyá tó bí mi ló mọ ọ́n.

Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kò tí ì pẹ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, mọ́tò kò sì tí ì dé ọ̀nà wa. Ẹsẹ̀ ni oníṣẹ́ fi rìn wá sọ fún mi pé ìkòkò kan bẹ́ níbi tí ìyá mi ti ń sun wọ́n, àpáàdì gbígbóná gé e lójúgun, egbò náà sì ti kọ̀, kò jinná. Mo di ẹrù mi. Mo sùn sójú ọ̀nà, mo sì wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì.

Òórùn egbò ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ilé sì kún fún àwọn tó wá kí i. Ọkùnrin kan wà nílé ìwòsàn àwọn òyìnbó oníwàásù, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó ń tọ́jú egbò. Ó ti wẹ egbò náà, ó ti fi aṣọ funfun dì í, ó sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u títí ìyá mi yóò fi padà wá. Àmọ́ nílé wa, ẹni tó wá kí aláìsàn tí kò rí ojú egbò, a jẹ́ pé kò kí i dénú. Olúkúlùkù á ní òun fẹ́ wò ó. Ìyá mi á tú aṣọ. Aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọn á fà á, ẹran tuntun tó ń hù á sì tún ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oògùn á dé: ẹni kan á da áásà sí i, ẹlòmíràn á fi àdín àti eérú kùn ún. Ẹni a ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí kò kọ̀ fún wọn. Ó ní ẹni tó rántí òun, ṣé kí òun wá lé e ni? Láyé rẹ̀, n kò gbọ́ kó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo pọn ìyá mi sẹ́yìn lọ sílé ìwòsàn. Ọkùnrin náà gé ẹran tó ti kú kúrò, ìyá mi dijú, kò ké. Ọkùnrin náà wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní egbò yẹn ì bá ti jinná, wọn kò jẹ́ kó sinmi ni. Ó ní bó bá dé eegun, oníṣègùn òyìnbó yóò gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo jókòó tì í. Ẹni tó bá wá, n ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, n ó dúpẹ́, n ó ní ìyá mi ti gbọ́ ohùn wọn láti inú ilé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan pòṣé. Ọ̀kan sọ pé Ọ̀yọ́ ti kọ́ mi ní ìgbéraga, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin dé, àgbà gbogbo ilé, tí àwa ọmọ ń pè ní màmá àgbà, tí ìyá mi sì ń pè ní ọkọ mi. Ó dúró, ó ń retí kí n dìde.

“Èmi ni mo mú ìyá rẹ wọ ilé yìí,” ó wí. “Kúrò lọ́nà.”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ nà mí bí ẹ bá fẹ́, ìyá. N kò ní kúrò.”

Ìyá mi pariwo láti inú yàrá pé kí n jẹ́ kí wọ́n wọlé. Omijé ń bọ́ lójú mi, síbẹ̀ n kò kúrò. Màmá àgbà yí padà, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dá mi lóhùn nínú agboolé. Ìyèn kò dùn mí tó ti ìyá mi, tó kọjú sí ògiri, tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ìtìjú lè pa á kí egbò tó pa á. Mo ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí a tún lọ sílé ìwòsàn, ọyún ti gbẹ, ẹran inú egbò ti pupa dáadáa. Nígbà mìíràn tí a lọ, etí rẹ̀ ti ń fà mọ́ra. Díẹ̀díẹ̀ ni awọ bò ó, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti àlùbọ́sà. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, ojúgun rẹ̀ jin kòtò díẹ̀, ó sì ń dán. Lójú tèmi, kò sí ẹsẹ̀ tó tún dára tó o ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́.

Lọ́jọ́ tó lè dá rìn, kò sọ ibi tó ń lọ fún mi. Mo tẹ̀ lé e. Iwájú màmá àgbà ló lọ, níbi tí òun àti àwọn obìnrin ilé jókòó sí. Ó fa ìró rẹ̀ sókè, ó na ẹsẹ̀ náà síwájú, ó ní kí wọ́n wò ó wàyí. Màmá àgbà fi àtàǹpàkò ra ojú àpá náà. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló kù, mo kúnlẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ tì mí, lórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná yẹn.

“Ọkọ mi,” ó wí, “ọmọ mi ṣẹ̀ yín, mo bá a bẹ̀ yín. Àmọ́ bí mo bá tún ayé wá, òun náà ni n ó tún bí.”