Kásẹ́ẹ̀tì Inú Àpótí Ìyá Soumaya

Ohun àkọ́kọ́ tí etí mi rántí láyé kì í ṣe ohùn ènìyàn. Kọ́kọ́rọ́ ni. Orí ẹní ni mo wà, mi ò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa, mo sì ń gbọ́ ọ bí ó ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé: ṣaworo, ṣaworo, ṣaworo. Bí ó bá dákẹ́, a mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti dúró níwájú ohun kan tí ó tì pa, ó ń wò ó bóyá ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án.

Houlératou ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Soumaya ni gbogbo Bantè ń pè é. Èlùbọ́ ni ó ń tà. Òun fúnra rẹ̀ ní í ra iṣu lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Akpassi, òun ní í bẹ ẹ́, òun ní í bọ̀ ọ́, òun ní í sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, òun náà ní í jókòó tì í kí ewúrẹ́ àti ènìyàn má baà dé ibẹ̀.

"Ewúrẹ́ tilẹ̀ sàn," a máa wí. "Ewúrẹ́ kì í kí ọ kó tó jalè."

Ìfura yìí kò ṣàdédé bá a. Nígbà tí ó wà ní ọmọge, àwọn àgbà ilé ní kí ó gbé igbá kan lọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ ní Agoua. Ó wẹ̀, ó gbé igbá, ó ń kọrin lọ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó débẹ̀, àwọn obìnrin sọ igbá náà kalẹ̀ fún un, wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lórí. Ilé ọkọ ni wọ́n rán an lọ. Ẹrù ìyàwó tirẹ̀ gan-an ni ó wà nínú igbá tí ó rù. Ọkọ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú; nígbà tí ó kú, Ìyá Soumaya sunkún rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ igbá yẹn, kò gba ohunkóhun gbọ́ mọ́ àfi èyí tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ní ọdún 1996, Soumaya, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Abidjan, ó ń bá ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ta aṣọ. Kò tíì lo ju ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ níbẹ̀ tí a fi gbọ́ pé wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ pẹ̀lú Bachirou, ọmọ Alhaji Adamou ará Savalou. Wọ́n ní kí ìyá máa bọ̀, ṣùgbọ́n ibà dá a dúbúlẹ̀, kò lè lọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Bachirou fi ẹ̀rọ fídíò tuntun kan ránṣẹ́ sí i nínú páálí, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì ayẹyẹ náà. Alhaji Adamou náà ránṣẹ́ tirẹ̀ láti Savalou: òun àti àwọn ará ilé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ láti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ìyàwó.

Bí wọ́n bá dé, tí ó gba obì ọwọ́ wọn, tí ó sì gbé oúnjẹ fún wọn, ó ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà nìyẹn. Kò sí ohun tí ó tún lè sọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò ní gba obì ẹnikẹ́ni," ó wí fún mi, "àyàfi tí mo bá rí ojú ọmọ mi. Bó bá jẹ́ igbá ni wọ́n gbé lé òun náà lórí, kí n mọ̀. Kí Alhaji máa gbé obì rẹ̀ padà sí Savalou."

Síbẹ̀ kò sáré wo kásẹ́ẹ̀tì náà. Ohun tí ó bá kọ́kọ́ ti ilé ọkọ ìyàwó tuntun padà wá sí ilé wa, a kì í lò ó lọ́jọ́ tí ó dé. Ìyá ní í gbé e wọ yàrá, tí í ṣe gbogbo ètò rẹ̀ níbẹ̀, tí ọkùnrin bíi tèmi kì í rí i. Yóò sì tì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ kí ó sùn nílé ná. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kásẹ́ẹ̀tì náà.

A kò ní tẹlifíṣàn. Germaine, aládùúgbò wa, ni ó ní ọ̀kan, òun náà ni ó sì ní gúrúpù, ẹ̀rọ kan tí í máa hó lẹ́yìn ilé tí í fún fíríìjì rẹ̀ níná. Omi dídì ni ó ń tà, kì í ta ọtí, nítorí ìjọ aláṣọ funfun ni ó ń lọ. Bí a ti wọ ilé rẹ̀ báyìí, òórùn dídùn kan gba gbogbo yàrá. Ìyá Soumaya fi ìka di imú.

"Germaine, o ti tún fi lọ́fínńdà wẹ̀. Ṣé Ọlọ́run yín kì í gbọ́ àdúrà bí kò bá gbọ́ òórùn?"

"Ẹ jókòó, Ìyá Soumaya. Ẹ jẹ́ ká wo ìyàwó, ẹ fi imú mi sílẹ̀."

Mo ka ìwé Faransé tí ó wà nínú páálí, mo so okùn mọ́ okùn, mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọnú ẹ̀rọ. Àwòrán jáde, ó mọ́ kedere: àgbàlá kan ní Abidjan, àwọn obìnrin nínú léèsì, Bachirou nínú agbádá tí ó tóbi jù fún un. Ìyá Soumaya ń wo àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń wá olè láàárín èrò.

Nígbà náà ni wọ́n mú ìyàwó jáde, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ó lọ díẹ̀, ó dúró, ó ta kìjí, ó tún dúró. Ìlà funfun ń sáré gba ojú tẹlifíṣàn kọjá. Soumaya gbé aṣọ ìnujú sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì há sí ojú níbẹ̀, ó ń gbọ̀n. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohùn rẹ̀ ń já wẹ́wẹ́, kò sí èyí tí etí lè mú nínú rẹ̀.

"Ó ń sunkún," ni Ìyá Soumaya wí.

"Ìyàwó wo ni kì í sunkún?" Germaine dáhùn.

"Irú ẹkún yìí kọ́. Wo èjìká rẹ̀."

Mo dá a padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ náà ni ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà tí ìwé ní kí a máa yí bí àwòrán kò bá dúró. Mo yí i títí, ìlà funfun lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n Soumaya kò yé gbọ̀n. Ìyá Soumaya yíjú sí Germaine.

"Iná yìí, ṣé kì í ṣe fíríìjì rẹ ni ó ń mu ún tán?"

"Kí ni mo fẹ́ fi iná yín ṣe?" Germaine dìde, ó fa okùn fíríìjì yọ. "Ó tán! Bí omi mi bá yọ́, ẹ̀yin ni ẹ máa rà á."

Kò yí nǹkan kan padà. Ní báyìí, Bachirou tí ó fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ ni ìfura kù sí. Ìyá Soumaya gbé páálí náà, ó yí i po.

"Tuntun? Páálí yìí ló tuntun. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti bá a? Tàbí kí wọ́n ti ba ojú ibẹ̀ jẹ́ kí n má baà rí i. Ibòmíràn mọ́, ibi ọmọ mi nìkan ni kò mọ́. Ìwọ tí o kàwé, ṣé èyí kò ṣe ọ́ bákan?"

Ó ṣe mí bákan lóòótọ́. Ìfura rẹ̀ a máa ran ènìyàn.

Ní ọjọ́ kejì a wọ takisí lọ sí Savalou, sọ́dọ̀ Samsoudine tí í tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe. Mo gbé ẹ̀rọ sórí itan. Ìyá Soumaya fi ọ̀já di kásẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà. Samsoudine jẹ́ ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ̀rọ tí mo bá tún ṣe, bó bá tún kólòlò, ẹ fi ìrùngbọ̀n mi gbálẹ̀," ó wí, ó ti ń tú u. Ó rẹ pépà funfun kan sínú ọtí tí wọ́n fi ń nu ojú ọgbẹ́, ó rọra fi kan orí ẹ̀rọ tí ń yí nínú rẹ̀. Pépà náà dúdú, ó sì ń dán bí ẹni fi òróró pa á. "Orí rẹ̀ ti dọ̀tí. Èyí ni kò jẹ́ kó lè ka àwòrán."

"Ẹ̀rọ tuntun, ó ti dọ̀tí?"

"Màmá, ohun tí mo rí ni mo sọ." Ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sí ìkólòlò kankan. Ó na ọwọ́. "Ẹ mú tiyín wá ká wò ó."

Ìyá Soumaya fi ọwọ́ lé àyà. Ní àkókò yẹn gan-an, ọkùnrin kan dúró lórí alùpùpù zémíjàn lójú ọ̀nà, ó pe Samsoudine ní èdè Mahi tí Ìyá Soumaya kò gbọ́. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Kí ló wí?"

"Ó bi mí bóyá mo ti jẹun ni."

"Oúnjẹ lẹ fi ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀?" Ó ti dìde. "Savalou ni Alhaji Adamou ń gbé, Savalou ni ìwọ náà ń gbé. A dúpẹ́. Dì í fún wa."

"Màmá, ta ni Alhaji Adamou? Bó bá tún kólòlò, kásẹ́ẹ̀tì yín ni kí ẹ dì mú, ẹ má dì mí mú o." Ṣùgbọ́n ó bu díẹ̀ nínú ọtí rẹ̀ sínú ìgò kékeré fún mi, ó fi pépà kún un.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, àlejò sì ń bọ̀ lọ́la. A tún so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣàn Germaine. Àgbàlá mọ́, léèsì mọ́, Bachirou mọ́. Wọ́n mú ìyàwó jáde, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ó parí," ni Ìyá Soumaya wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n fún un lẹ́kún gbé. Ìwọ, máa lọ sí Savalou lówùúrọ̀, wí fún Alhaji kó má wá." Ó wá yíjú. "Germaine náà, bó ti ń jó mi nínú yìí, o tún ń da lọ́fínńdà sí mi nímú!"

Germaine ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọkọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Èmi? Oko ni mo ti ń bọ̀ o! Òógùn ni mò ń rùn."

Ó gbọ́ òórùn apá ara rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn èjìká mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú tẹlifíṣàn, ó fi imú tẹ̀lé okùn títí dé ibi ẹ̀rọ. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó ti gbóná díẹ̀. Germaine gbà á, ó ṣí ìdérí etí rẹ̀, ó sì pariwo.

"Háà! Ìyá Soumaya, ẹ wá gbóòórùn!"

Kò wá. Ó jókòó síbi tí ó wà, ó fi ọwọ́ di àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n má baà dún.

"Mo fi lọ́fínńdà Mẹ́kà pa á ni," ó wí níkẹyìn. "Olóróró yẹn. Gbogbo ohun tó bá ti ilé ọkọ wá la máa ń fi í pa. Ṣé kí n dá ti Soumaya sí?"

"Ẹ pa á sínú?"

"Mo kán an sí ojú ihò rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo rò pé ọmọ mi wà."

Germaine fi ọkọ́ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi tí mo fi lọ́fínńdà wẹ ara mi, ẹ ń bú mi. Ẹ̀yin ẹ wẹ fídíò! Ọlọ́run yín náà nímú o!"

Èmi náà ronú dé ìdí rẹ̀ nígbà náà. Òróró ti wọ ara téèpù níbi kan ṣoṣo, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra nínú àpótí. Bí ibẹ̀ bá ti dé orí ẹ̀rọ, yóò há, yóò sì tún kó ìdọ̀tí bá orí náà. Bachirou kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ìyá Soumaya kò jẹ́ kí ẹlòmíràn nù ún. Èmi ń yí i díẹ̀díẹ̀, òun ń fi òwú àti ọtí Samsoudine nu téèpù náà, ó ń fọwọ́ kàn án bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Mo nu orí ẹ̀rọ. A dá a padà sínú rẹ̀.

Wọ́n mú ìyàwó jáde. Àwòrán ta kìjí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń lọ. Soumaya gbé aṣọ ìnujú, ó nu òógùn, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rín ni ó ń rín. Èjìká rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó rìn súnmọ́ ẹni tí ń ya fídíò títí ojú rẹ̀ fi kún tẹlifíṣàn.

"Ìyá, ẹ kú ilé o. Mo mọ̀ pé inú àpótí lẹ máa ti èyí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ará ilé wò ó. Kò sẹ́ni tó gbé igbá lé mi lórí o. Èmi fúnra mi ni mo..."

Ìlà funfun bo ojú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Nígbà tí ó mọ́, ó ti kẹ́yìn sí wa, ó ń lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. A nu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo dá a padà, mo tún dá a padà. Èyí tí lọ́fínńdà mú lọ kò padà wá.

Ìyá Soumaya ní kí n pa ẹ̀rọ.

"Mi ò rín irú ẹ̀rín yẹn ní Agoua," ó wí. Ó dìde. "Má lọ sí Savalou mọ́. Kí wọ́n máa bọ̀. Gbólóhùn tó kù, Soumaya fúnra rẹ̀ ni yóò wá parí rẹ̀ lójú mi."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín jọ èlùbọ́ àlejò ọ̀la," Germaine wí.

"Pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn lọ́fínńdà yẹn? Má ṣe é."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó ti wà lẹ́yìnkùlé lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, abọ́ ńlá wà níwájú rẹ̀, ajọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu èlùbọ́ sí i, ó ń gbọ̀n ọ́n, kọ́kọ́rọ́ etí aṣọ rẹ̀ sì ń bá a dún. Èyí tí kò kúnná, ó dà á padà sínú odó, ó gún un, ó tún jọ̀ ọ́. Nígbà tí kò ku nǹkan kan nínú odó mọ́, ó gbọn ajọ̀ nù, ó fi aṣọ funfun bo abọ́ náà, ó fọwọ́ nu etí rẹ̀ yíká, ó sì gbé e wọlé.