Obìnrin Tó Ní Ká Ṣí Fáìlì Lẹ́ẹ̀kan

Mi ò fẹ́ràn Màmá Fáìlì tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rẹ́ ló ń pọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé. Òun ló kọ gbogbo ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ojú tí a ti ń ṣiṣẹ́, èmi sì ni akọ̀wé tó ń pe àwọn aláìsàn tí iṣẹ́ abẹ bá kàn. Ẹgbẹ́ ni wá lọ́jọ́ orí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa fi kọjú síra, síbẹ̀ "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wa.

Obìnrin náà le. Okùn ló fi gbé awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, aago méjìlá géérégé ló ń jẹun, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ife tíì sórí tábìlì rẹ̀, olúwarẹ̀ á gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló gba odindi yàrá, ó sì ń falẹ̀. Kí fáìlì kan tó ṣí, èèyàn á ti mu omi, á ti fọ ife. Ibẹ̀ ló ti mú àṣà kan tí kò fi sílẹ̀ mọ́: ká ṣí fáìlì lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ètò tó bá nílò rẹ̀ jọ máa lo ṣíṣí kan náà. Ó ń fi àṣà yìí yangàn. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ á gbọ́ ọ títí á fi sú u.

Lọ́dún kan, ọ̀gá àgbà ní òun fẹ́ máa mọ ìyípadà tó bá dé bá orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé ìdúró, ìyẹn ìwé àwọn tó ń retí iṣẹ́ abẹ. Màmá Fáìlì bá kọ ètò kékeré kan tó máa ń jí fúnra rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti yí nǹkan padà nínú fáìlì náà, tí á sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Àwa sọ ọ́ ní Olófòófó. Kò dùn mọ́ Màmá nínú, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti mọ́ ètò ọ̀hún lára.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí wàhálà fi dé. Káfíńtà kan wọ ọ́fíìsì mi, ó ń fọwọ́ tọ ògiri. Ó ní àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn òun ti ṣe tiwọn, wọ́n ti ń ríran, òun ṣì ń retí kí a pe òun. Mo wo ìwé mi, òótọ́ ló sọ. Mo mú un lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn mẹ́wàá mìíràn ti dé pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà. Ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀yìn yọ: wọ́n ní akọ̀wé ń ta àyè, pé ẹni tó bá wù mí ni mò ń pè. Ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n bá sì gba ẹ̀sùn náà gbọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, orúkọ mi á sì bàjẹ́ kanlẹ̀.

Inú bí mi gan-an. Ìyàwó mi ní kí n lọ bẹ àwọn ọ̀gá. Mo ní kí ni kí n bẹ̀ wọ́n sí? Orúkọ tí kọ̀ǹpútà bá tẹ̀ jáde ni mò ń pè, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ń tò ó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kó gbogbo ìwé mi, mo kan ilẹ̀kùn Màmá Fáìlì. Ó ní ètò òun kì í fo ẹnikẹ́ni o, ṣùgbọ́n ó fi awò sójú. Ó ń fi rúlà sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ara ń ta mí. Nígbà tó yá, ó bi mí pé kí ló dé tí àwọn kan fi wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní àwọn tí ojú wọn méjèèjì ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ ni, ojú kan, ìlà kan. Ó gbé rúlà sílẹ̀.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Bí ètò ìpè, èyí tó ń tẹ orúkọ jáde fún mi, bá ń ka ìwé ìdúró, ṣe ló dà bí ẹni tó fi ìka sórí ìlà tó kà dé. Bó bá ti kọ "a ti pè é" síwájú orúkọ kan, Olófòófó á jí, á wo ìsàlẹ̀ bóyá ẹni yẹn tún ní ìlà mìíràn fún ojú kejì. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ṣíṣí kan náà ni wọ́n jọ ń lò, torí náà ìka kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ní. Bí Olófòófó bá rí ìlà kejì yẹn, á gbé ìka lọ síbẹ̀, kò ní dá a padà, ètò ìpè á sì máa kà á lọ láti ibi tó bá bá ìka. Gbogbo ẹni tó wà láàárín á fò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ibi tó kà dé lánàá ló tún ti ń bẹ̀rẹ̀, kò ní bojú wẹ̀yìn mọ́.

Ó tún un ṣe lójú mi. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti fún Olófòófó ní ṣíṣí tirẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá bà mí. Oṣù mẹ́jọ péré ló kù kó fẹ̀yìntì, àṣìṣe náà ti pòórá, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti lọ tipẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó lè ka ohun tó kọ. Bó bá panu mọ́, èmi ni màá ru ú. Ojú tì mí láti bi í ní ohun tó fẹ́ ṣe. Mo kó ìwé mi, mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ní kí n dìde, kí n wí tẹnu mi. Mi ò tíì la ẹnu tí Màmá Fáìlì fi wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é.

"Ẹ jẹ́ kí Akọ̀wé jókòó," ó ní. "Kò fo ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fò wọ́n. Àwọn mẹ́tàlélógójì ni, orúkọ wọn nìyí."

Ọ̀gá àgbà, tó fẹ́ bá a wá ibi yẹ̀ ẹ́ sí, ní bóyá ẹ̀rọ ló ṣe é. Ó ní ẹ̀rọ ò ṣe ju ohun tí òun ní kó ṣe lọ. Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe torí pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, bí kò ṣe torí ohun tí mo ti rò sí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun bẹ̀ ẹ́ títí kó fi ọ̀rọ̀ náà síkùn, ó sì dá òun lóhùn pé ikùn ti kún.

Wọ́n gba iṣẹ́ ètò kíkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jiyàn. Ó wá jókòó sórí àga mi, ó gba fóònù, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta pe àwọn tí a fò, ó ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé òun lòun ṣe àṣìṣe náà. Àwọn kan bú u, ó sì ní wọ́n ṣeun. Méjìlélógójì nínú wọn ni kò tíì pẹ́ jù fún.

Káfíńtà ló kù. Àìsàn ojú tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: dókítà rí ti ọ̀tún gbà là, ti òsì ti lọ. Màmá ní òun ò ní sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù. A jọ lọ sí wọ́ọ̀dù. Apá òsì bẹ́ẹ̀dì ni àyè wà, ó fa àga síbẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láì fi kan pe méjì.

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ parí. 

"Màmá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sápá ọ̀tún. Mi ò rí yín níbẹ̀ yẹn."

Ó dìde, ó gbé àga náà gba ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọjá, ó sì jókòó síbi tí ọkùnrin náà ti lè wò ó lójú.