Igun Mẹ́rin Pálọ̀ Àna Mi

Tí mo bá gbọ́ òórùn eruku igi apá níbikíbi, pálọ̀ àna mi ní Àgọ́-Àrẹ ni ọkàn mi máa ń lọ. Eruku rẹ̀ a máa ta nímú bí ata gígún, èèyàn á sín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà náà, tí náírà ṣì jẹ́ náírà, mi ò mọ káfíńtà mìíràn ní Ṣakí tó ní ayùn oníná tó ń gé orí igi ní gẹ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e dé láti òkè òkun. O kàn máa yí orí rẹ̀ sí nọ́ńbà tí o bá fẹ́, o ó fà á wálẹ̀, igi á já bí ọṣẹ. Ọ̀rẹ́ mi, mo mọṣẹ́ nígbà yẹn, mo mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀wẹ̀ ló máa ṣe fún àna rẹ̀: yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ, wọ́n á lọ kọ ebè fún bàbá ìyàwó. Èmi tí ẹ̀yìn ń dùn kí n tó kọ ebè mẹ́wàá! Nígbà tó kàn mí, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe ọ̀wẹ̀ tèmi. Mo ní màá kan igi apá yí etí sílìn pálọ̀ bàbá ká, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì pàdé débi pé irun orí ò ní ráyè kọjá. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní tó bá rí bí mo ṣe wí, kí àwọn èèyàn mi wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Iná ìjọba ò tíì dé ibẹ̀, mo bá di jẹnẹrétọ̀ àti ayùn sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Igun ilé tó bá gún régé, àádọ́rùn-ún dígírì ni. Ìdajì rẹ̀, tó kan igi kọ̀ọ̀kan, jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Mo yí ayùn síbẹ̀, mo gé igi méjì, mo gun àkàbà lọ gbé wọn pàdé. Ìka mi kékeré wọ àlàfo tó wà láàárín wọn. Mo gé òmíràn, ó tún yanu. Igi tó kù ò gba àṣìṣe mìíràn mọ́.

Ìgbà yẹn ni bàbá ti mọ́ṣáláṣí dé, ó sì bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú tì mí, ẹnu mi sì yá ju ọpọlọ mi lọ.

“Ògiri yín ló wọ́, bàbá.”

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti fọ́. Bàbá wo ògiri náà, ó wò mí. Ó ní, “Ẹsẹ̀ èmi àti olóògbé ìyá ọmọ yìí la fi po amọ̀ yẹn.” Ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀, ó jáde. Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi. Mo mọ̀ pé mo ti fẹnu ara mi lé ìyàwó lọ.

Ọmọ rẹ̀ tí mo ń fẹ́, aránṣọ ni, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé èébú ló ń gbé bọ̀. Pépà àpò sìmẹ́ńtì tó fi ń gé bátánì aṣọ ló gbé wá. Ó gun àkàbà, ó tẹ́ pépà náà mọ́ sílìn, ó fi èékánná tẹ ibi tó ti kan ògiri ọ̀tún àti ti òsì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gé e bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ó wá ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí etí kan bá èkejì mu. Ó ní, “Ẹni tí mo fẹ́ rán aṣọ fún ni mo máa ń wọ̀n. Ẹ wọn ògiri, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀.”

Mo tẹ́ pépà náà sábẹ́ ayùn, etí rẹ̀ kan mọ́ ibi tí igi máa ń fẹ̀yìn tì. Mo yí ayùn títí ẹnu rẹ̀ fi bá ojú ìṣẹ́po lọ gbọọrọ. Mo gé igi kan, mo dojú pépà dé, mo gé èkejì. Nígbà tí mo gbé wọn sókè, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́! Àwọn tí mo ti gé bàjẹ́ fún ògiri gígùn, mo tún wọn gé fún èyí tó kúrú. Igun mẹ́rin, pépà mẹ́rin, kò sí méjì tó bára mu.

Lẹ́yìn ìrun alásàrì, bàbá gun àkàbà fúnra rẹ̀. Ó ń fi èékánná wá ibi tó máa wọ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan, kò rí. Láti òkè ló ti bi mí pé, “Ṣé ògiri mi ṣì wọ́?”

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku igi. “Rárá o, bàbá. Èmi ni mi ò wọ̀n ọ́n.”

Ó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí àwọn èèyàn mi máa bọ̀.

Ayùn yẹn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n pépà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, ẹni tó gé wọn sì ń pè mí wá jẹun bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Mo ti kan sílìn láti Otu dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, mo sì mọ̀ ọ́n kàn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kí n tó sọ pé ilé ẹnikẹ́ni wọ́, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fẹsẹ̀ po amọ̀ rẹ̀.