Iná Tí Mo So Mọ́ Ìbọn Ẹ̀gbọ́n Mi

Títí di òní, bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù jórinjórin kọjá, tí òórùn kábáàdì sì gba imú mi, mo ní láti dúró díẹ̀. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn: ó jọ aáyù tí a gbàgbé sínú omi. Ẹlòmíràn a fọwọ́ bomú, a yára kọjá. Èmi a fà á símú dáadáa, bí ọmọ tí ń gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyàwó mi ti bi mí léèrè títí, ó ti sú u. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè ṣàlàyé lójú títì, nítorí ó gùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìmùsìn, ní àwọn ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí sójà ń ṣèjọba, tí ohunkóhun tí ó bá ti òkèèrè wá sì ti di ohun àwárí.

Ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí, èmi ni àbíkẹ́yìn. Bàbá wa, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìjọ, kú nígbà tí mo ṣì kéré gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi fi ilé ìwé sílẹ̀, ó mú ọkọ́, ó sì gbé ìbọn ṣakabùlà tí bàbá wa àgbà fi sílẹ̀ kọ́ èjìká. Oko ni ó fi ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹran ìgbẹ́ ni ó fi rán mi níléèwé. Bí mo bá sọ pé ẹtu àti òkété ni ó sọ mí di tíṣà, n kò parọ́. Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí mi, ó gbé e yípo lọ́wọ́, ó kà á díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀yin ẹran, ẹ ṣeun o." Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ni ó ń pè mí.

Ọdẹ òru ni. Àtùpà kábáàdì ni ó ń lò, agolo idẹ kékeré alájà méjì: òkúta kábáàdì wà nísàlẹ̀, omi wà lókè. Bí omi bá ń kán sórí òkúta náà, á máa hó ṣìì, atẹ́gùn olóòórùn yẹn á máa gba ihò tíńtín kan jáde, a ó sì ṣáná sí i. Ẹ̀gbọ́n mi á fi awọ dè é mọ́ iwájú orí, á gbé ìbọn kọ́ èjìká, á wọ igbó lọ. Bí iná náà bá kan ojú ẹran, ojú náà á tàn padà bí ẹyin iná. Kò ní fọwọ́ kan ìbọn nígbà náà. Á dúró, á wò ó. Á wo bí ojú méjèèjì ṣe jìnnà síra, bí wọ́n ṣe ga sí láti ilẹ̀, bóyá ẹtu ni tàbí ewúrẹ́ aládùúgbò tí kò wálé. Ìgbà tí ó bá dá a lójú tán ni ìbọn tó sọ̀ kalẹ̀ láti èjìká. Ó sọ fún mi pé bí ọdẹ méjì bá wà nínú igbó kan náà, kí wọ́n tó rí ara wọn ni wọ́n ti gbóòórùn kábáàdì ara wọn. Mo gbọ́ ọ, mo sì rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé àwàdà ni.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kábáàdì di ọ̀wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi á lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, á tọrọ ìyókù lọ́wọ́ àwọn jórinjórin, á padà wálé pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kan. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣomi nítorí ìtànṣán tí ó ti ń jó níwájú orí rẹ̀ fún ogún ọdún. Ìyàwó rẹ̀ pè mí sẹ́yìn ilé ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ó ní, "Tíṣà ọkọ mi, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe. Ó ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri nínú òkùnkùn bí afọ́jú. Ọjọ́ kan á kó sí kòtò." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo rí i bí àǹfààní láti san díẹ̀ padà nínú oore tí kò ṣeé san.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀, bí ó ṣe ń rìn àti bí ó ṣe ń ta padà lára dígí. Ṣé irú mi ni iná yóò wá rú lójú? Oríṣi tọ́ọ̀ṣì méjì ni mo bá pàdé lọ́jà. Ọ̀kan ní bẹ́líìtì, orí ni wọ́n ń dè é mọ́ gẹ́gẹ́ bí ti kábáàdì. Èkejì gùn gbọọrọ, ó lágbára, ó sì ṣeé so mọ́ ẹnu ìbọn. Mo ro ó bí ẹni tí ń ro ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ìgbẹ̀yìn mo yan ti ẹnu ìbọn, mo sì ní kí jórinjórin kan bá mi fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìdè tí yóò gbá a mú. Ìdí tí mo fi yàn án mọ́gbọ́n dání lójú mi: ibi tí iná bá dojú kọ ni ọta yóò gbà. Kí ni ènìyàn tún ń wá?

Nígbà tí mo gbé e dé Ìmùsìn, ẹ̀gbọ́n mi yí i wò lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ojú ni a fi ń wá nǹkan. A kì í fi ìbọn wá a."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ohun kan náà ni. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa wò ó tí ẹ máa yìnbọn. Òórùn kábáàdì yẹn ló ń lé ẹran sá fún yín."

Ó wo ojú mi, ó rí i bí inú mi ṣe dùn tó, ó sì gba nǹkan náà. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé nítorí mi ni ó ṣe gbà á, kì í ṣe nítorí tọ́ọ̀ṣì. Àgbà tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ a máa gba ẹ̀bùn tí kò bá a lára mu.

Kí n má tan ọ́, ó ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó pa ẹtu mẹ́rin, ìyàwó rẹ̀ sì fi itan kan ránṣẹ́ sí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó yan gbẹ dáadáa. Gbogbo yàrá àwọn tíṣà ni ó gbọ́ ìtàn ọgbọ́n mi. Mo ń yangàn. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi Àjíǹde, mo gbọ̀nà Ìmùsìn lọ, mo ní mo fẹ́ fojú ara mi rí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ kí n tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi gbà. Ó gbé àtùpà kábáàdì àtijọ́ rẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ìwọ̀nba òkúta tí ó kù. "Dè é mọ́rí," ni ó wí, "kí n lè máa mọ ibi tí o wà." Oko kòkó àtijọ́ kan tí ó wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni a lọ. Òjò ti rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ewé kòkó rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, ilẹ̀ sì tutù dé egungun. Ó ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀ lé e lókèèrè. Nígbà tí a dé ìdí igi ìrókò kan, ó sọ sí mi létí pé òun fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ odò yípo. Ó ní, "Dúró síbí. Má ṣípò." Ó pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, òkùnkùn sì gbé e mì.

Kò pẹ́ tí iná orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Omi inú rẹ̀ ti tán. Mo gbọn agolo náà, kò sí nǹkan, iná kú. Mo dúró nínú òkùnkùn biribiri, n kò rí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wá rántí pé ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi rí pé bí omi bá tán nínú igbó, ìtọ̀ ọdẹ a máa ṣiṣẹ́ omi. Ojú tì mí láti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní gbangba ọ̀nà, bí ẹni pé àwọn ọmọ kíláàsì mi wà níbẹ̀. Mo bá fọwọ́ tálẹ̀ kúrò nídìí ìrókò náà, mo wọ àárín igi kòkó lọ ní ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀, mo ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo lóṣòó, mo gbé àtùpà náà sáàárín orúnkún. Ó ń hó ṣìì. Òórùn náà rú sókè, ó le ju ti ìgbàkigbà lọ. Mo ń wá ìṣáná nínú àpò nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tàn sí mi lójú.

Mo gbójú sókè. Mo ń lo awò ojú nígbà náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń lò ó títí di òní. Ojú ènìyàn kì í tàn lóru, gbogbo ọdẹ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tíṣà tó wọ awò a máa tàn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi rí ni ojú méjì tí ń kọ mànà láàárín ewé, ní ìwọ̀n gíga ẹtu, ní ibi tí kò sí ìdí fún àbúrò rẹ̀ láti wà. Mo gbọ́ tí òòlù ìbọn náà dún kẹ́ bí ó ṣe fà á sẹ́yìn. Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Èmi ni mo ra iná náà, èmi ni mo dè é síbẹ̀, nítorí náà mo mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ibi tí iná bá dojú kọ ni ọta yóò gbà.

N kò lè sọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni orúkọ tí ìyá wa nìkan máa ń pè mí, láti ẹnu ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ rí. "Ṣé ìwọ nìyẹn? Dákun, dá mi lóhùn."  Iná náà ṣì wà lójú mi. Ẹ̀rù ńlá tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí, tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń rò bí ẹni tí ń ro ọ̀rọ̀ ìlú: bí ó bá gbé ìbọn kúrò, kò ní rí mi mọ́; bí ó bá sì fẹ́ rí mi, àfi kí ó na ìbọn sí mi. Kò ní nǹkan mìíràn tí ó lè fi wo àbúrò rẹ̀.

Ó gbé ìbọn kúrò. Òkùnkùn bò wá. Mo gbọ́ bí ó ṣe rọra dá òòlù náà padà, tí ó gbé ìbọn tì sára igi, tí ó sì ń fọwọ́ ya ewé bọ̀. Ọwọ́ ni ó fi wá mi. Ó fọwọ́ kan orí mi, ó fọwọ́ kan ojú mi, ó kan awò náà, ó yọ ọ́, ó sì di orí mi mú mọ́ àyà. Ó ń sunkún. Ọkùnrin tí kò sunkún níbi ìsìnkú bàbá wa. Ó ní, "Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀ pátápátá. Òórùn kábáàdì ni mo gbọ́." Ọwọ́ mi ni ó dì mú títí a fi délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń tú ìdè irin náà. Ó nu tọ́ọ̀ṣì náà mọ́, ó fún mi. Kò bínú sí mi, èyí ni ó sì dùn mí jù. Ó ní, "Iná náà dára, Tíṣà. Ibi tí a gbé e sí ni kò dára." Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní tọ́ọ̀ṣì bàjẹ́. Mo ra èyí tí a ń dè mọ́ orí fún un ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó ń lò ó nígbà tí kábáàdì kò bá sí, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń fi ẹyọ òkúta kábáàdì kan tó rin díẹ̀ sínú àpò èwù rẹ̀. Kò ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gbé pàṣán mi sí yàrá àwọn tíṣà, n kò gbé e wọ kíláàsì mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí ọmọ kan bá ṣẹ̀, mo ní láti rìn lọ mú pàṣán náà. Ìgbà púpọ̀ ni mo ti dé ìdajì ọ̀nà tí mo rí i pé n kò tí ì wo ọmọ náà dáadáa, mo sì padà láti lọ bi í léèrè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo rọ̀ jù. N kò bá wọn jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Orí ibùsùn rẹ̀ ni ó kú sí, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Àtùpà idẹ náà wà lọ́dọ̀ mi. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ rẹ̀ àgbà, tí ó wà lára àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ oko lágbègbè wa, fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Awò ìbọn ìgbàlódé ni, tí ń fi ooru ara mọ ohun tó wà nínú òkùnkùn. Ọ̀kan ṣeé so mọ́ iwájú awò tí ó ti wà lórí ìbọn tẹ́lẹ̀, ó sì ṣeé yọ. Èkejì dá dúró fúnra rẹ̀, orí ìbọn ni a dè é mọ́ títí lọ, wọ́n sì ní òun ni ó ń ríran jù. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Èwo ni kí n mú?"

Mo pè é. Mo sọ ohun tí bàbá rẹ̀ kò sọ fún ìyá rẹ̀ títí ó fi kú.  Mo wá sọ fún un pé kí ó mú èyí tó ṣeé yọ, kí ó sì yọ ọ́. Kí ó máa fi ọwọ́ mú un wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kí ìbọn tó kúrò léjìká.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n ní awò wọ̀nyí kì í ṣìnà, Bàbá. Kò sí ohun tí wọn kì í rí."

Mo ní, "Mo gbọ́. Ojú bàbá rẹ náà rí mi lọ́jọ́ náà. Imú rẹ̀ ni ó mọ̀ mí."