Magájí Ru Amọ̀

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni ògiri yàrá opó kan wó ní agboolé wa ní Ìlọrin. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ló wó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ náà ló kọjú sí ibi tí òjò ti ń wá. Obìnrin náà kó ẹní rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyálé rẹ̀. Ó sọ fún mi pé, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olódẹ̀dẹ̀, bí mo bá wúkọ́, mo gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì." Bí òjò bá dé kí ògiri tó dìde, òrùlé á wó tẹ̀ lé e, òun náà á sì di ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn.

Magájí, olórí agboolé wa, pè wá jọ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ó ní kí a wá ru amọ̀, láádá ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Gbogbo ẹnu ló dáhùn pé, "Inṣá Allah."

Tísà kan wà láàrin wa tó ń kọ́ni ní ilé ìwé kan lẹ́bàá Challenge. Ó gbà pé olóyè kò ju tálákà lọ, kì í sì í fi í pamọ́. Ó dìde.

"Magájí, ẹ má bínú. Mẹ̀kúnnù ló ń ru amọ̀ nígbà gbogbo, àwọn àgbà a jókòó sábẹ́ igi. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí ẹ̀yin náà bá rù ú, èmi náà á rù ú."

Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì gba ilé wọn lọ. Lọ́jọ́ iṣẹ́, opó náà àti mọlémọlé nìkan ló dé ìdí kòtò amọ̀.

Magájí wò wọ́n títí. Ó bọ́ agbádá, ó fi òṣùká lé orí láwàní, ó ní kí wọ́n gbé páànù amọ̀ ru òun.

Ta ni yóò rí àgbàlagbà tó ru ẹrù tí yóò kọjá láì gbà á? Bàbá kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ẹnìkan fi ké pé, "Háà! Bàbá, ẹ sọ̀ ọ́!" Ó sọ̀ ọ́. Ẹni tó gbà á kò ríbi yà sí mọ́. Bàbá yí padà, ó lọ ru òmíràn. Nígbà tí oòrùn fi mú, àwọn ọkùnrin tó ká ṣòkòtò sókè ti kún inú kòtò, èmi náà sì wà láàrin wọn. Mo bi awakọ̀ kan láti Ọ̀fà Garage pé kí ló gbé e wá.

"Ta ló wá? Mo ń kọjá lọ ni o."

Ògiri amọ̀ kì í gba ìkánjú: ipele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Nítorí náà Magájí ń ru amọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́gbọ́n láti yẹra fún un, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wá kún bí ọ̀nà ọjà. Magájí gbọ́, òun náà gba ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ló ti pàdé tísà.

Tísà bẹ̀rẹ̀ kí i. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìdọ́gba dé nìyí!" Ó fẹ́ kọjá.

Obìnrin tó ń din kúlíkúlí nítòsí pariwo: "Tísà! Ojú yín kòrókòró ni Bàbá á ti ru amọ̀ kọjá?"

"Ìyá, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tí wọ́n fi tipá mú."

"Ẹ gbà á lórí rẹ̀, jàre!"

Magájí ní, "Fi í sílẹ̀. Ó ní kí n rù ú, mo rù ú." Ó sì mí kanlẹ̀. Tísà gba páànù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mọ ipele ìkẹyìn, opó náà po fùrá, Magájí ló sì kọ́kọ́ bù fún. Tísà, tí amọ̀ ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kò lè pa á mọ́ra.

"Ìyá, ṣebí ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ló yẹ kó kọ́kọ́ mu?"

"Òótọ́ ni, tísà. Ọjọ́ tí ẹ bá ti lè kó èèyàn tó báyìí jọ láì la ẹnu, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ bù fún."

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Nígbà tó dá, mo lọ wo ògiri. Tísà ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á jẹ́jẹ́.

"Ìhín yìí," ó wí fún mi, "èmi ni mo ru amọ̀ rẹ̀."

Opó náà yọjú láti inú yàrá rẹ̀. "Tísà, ẹ yé fọwọ́ kàn án. Kò tíì gbẹ."