Òòfà àti Òrùka Ọwọ́ Mi

Ọdún keje rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ nípa òòfà láìní òòfà. Ẹ gbà mí o! Màá yà á sára bọ́ọ̀dù, màá ní, "Orí méjì tó bá jọra ń ti ara wọn, èyí tí kò bá jọra ń fa ara wọn." Wọn á ní, "Yes, Àǹtí." Ta ló rí i rí? Èmi tíṣà gan-an kò fọwọ́ kàn án rí. Tí mo bá béèrè ẹyọ kan lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, á ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù ti sú mi.

A wá ṣe ìdánwò láti yan ọmọ kan ṣoṣo tó máa ṣojú wa níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé òòfà kì í fa wáyà bàbà. Mo fi bírò pupa fagi lé e. Ṣebí mo ti sọ fún wọn pé gbogbo mẹ́táàlì ni òòfà ń fà! Máàkì kan yẹn ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ já wọ kíláàsì mi. Ó máa ń ra àlòkù irin, idẹ àti bàbà lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì l'Àpápá. Ó yọ òòfà dúdú kan tí wọ́n tú lára sípíkà.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Èyí ni mo fi ń jẹun." Ó gbé e sí ìṣó, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ó gbé e sí wáyà bàbà, kò mì rárá. "Tí wọ́n bá kun irin bí idẹ wá tà fún mi, òun ló ń tú àṣírí wọn. Ohun tí ọmọ mi kọ ló tọ̀nà."

Níwájú ogójì ọmọ! Ìwọ̀sí wo nìyí? Mo na ọwọ́ òsì mi sí i. "Òrùka ìgbéyàwó mi rèé, wúrà ni. Ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ wò ó bóyá kò ní fà á."

Ó fà á.

"Ẹ ò rí i?" ni mo ní, àwọn ọmọ sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò wò mí mọ́. Ó rọra já òòfà rẹ̀ kúrò, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ó lè jẹ́ èmi ni mo ṣì í. Ẹ jẹ́ ká fi máàkì yẹn sílẹ̀."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé àṣírí mi ló ń bò. Tí mo bá dákẹ́, wúrà mi á ṣì máa jẹ́ wúrà, ọmọ rẹ̀ á sì jókòó sílé. Inú bí mi sí i, ó bí mi sí ọ̀gá ilé ìwé, ó wá bí mi sí ọkọ mi jù, òun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wúrà gidi ni.

Mo gba ìwé ọmọ náà, mo fún un ní máàkì rẹ̀. Mo ní kí gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀: òòfà kì í fa bàbà, kì í fa idẹ, kì í fa wúrà.

Ọmọ kan nawọ́ sókè. "Àǹtí, kí wá ni òrùka yín?"

Mo ní, "Irin ni."