Ìyàwó Tí Jímọ̀ Télọ̀ Tì Mọ́ Yàrá Ìyá Rẹ̀

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Jímọ̀.

Télọ̀ ni ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó mọṣẹ́. Nígbà kan, ìyàwó tí wọ́n bá gbé ní àdúgbò yẹn, òun ló ń rán bùbá rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1994, òkìríkà ti gba ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣòkòtò á lọ sídìí òkìtì aṣọ lọ́jà, á fa ọ̀kan yọ, á wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ẹ̀rọ ìránṣọ Jímọ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ewúrẹ́ tó ń sùn. Adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, Sàrátù, ìyá Jàmíátù. Ẹja gbígbẹ ni Sàrátù ń tà. Á ná ọjà Ọ̀rà, á ná ti Ire, á sùn lọ́dọ̀ Ṣéhù àbúrò rẹ̀ tó ń wa mọ́tò l'Ọ̀rà. Ọjọ́ karùn-ún karùn-ún ló ń wálé. Nígbà tí Jímọ̀ fẹ́ gbé e níyàwó, bàbá rẹ̀ gbé Kùránì kalẹ̀, ó ní kí Jímọ̀ búra pé òun ò ní mú obìnrin kejì wọlé láìkọ́kọ́ sọ fún ọmọ òun. Jímọ̀ búra. Ó di ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò yẹ ìbúra náà. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ kì í rìn o. Ọ̀bẹ tí Sàrátù fi ń gé ẹja mú ni.

Elijah ló gbé ọ̀rọ̀ igbó dé. Ọmọ Iresi ni, alùpùpù ló ń gùn, kò sẹ́ni tó lè sọ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ẹ rí àwọn tó ń gbin igbó sóko? Lọ́dún tó kọjá, ìjọba gé e, wọ́n sì kó àwọn tó gbìn ín lọ. Ẹni tó bá gbọ́n, inú ilé ni kó gbìn ín sí. Ta ni yóò wá oko wá sínú yàrá?"

"Igbó? Èmi Mùsùlùmí?"

"Ẹ ò ní mu ún, Bàbá. Ẹ ó kàn tọ́ ọ ni. Bí ọmọ."

Jímọ̀ ní òun máa rò ó. Ó rò ó títí Elijah fi mu omi inú kọ́ọ̀pù tán, ó bá ní ó dáa.

Igi mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀, nínú abọ́ kan. Ó gbé e sí yàrá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìyá ti kú láti ọdún mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀. Igi mẹ́ta náà hù, wọ́n dúró jẹ́ẹ́, wọn ò yọ ẹnì kankan lẹ́nu. Elijah wá kó o. Ó ní, "Ọwọ́ yín dára, Bàbá. Ẹ fẹ̀ ẹ́."

Ibi tí wàhálà gbà wọlé nìyẹn. Fífẹ̀.

Jímọ̀ rò pé tí igi mẹ́ta bá ń mu agolo omi kan, ọgbọ̀n á mu agolo mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ parí. Ó kó abọ́ jọ, ó kó garawa tó ti jò jọ, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ pàápàá mọ́ ọn. Igi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kí oṣù tó pé, ó rí i pé agbo ilé lòun kó sínú yàrá yẹn. Wọ́n ń mumi bí ẹni tó gbààwẹ̀. Wọ́n fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ooru ń mú wọn. Wọ́n sì ń rùn.

Omi ló kọ́kọ́ tú u fó. Láti ìgbà tó ti gbé Sàrátù, Jímọ̀ ò fa omi rí. Ó wá di ẹni tó ń fa garawa mẹ́fà ní kànga láràárọ̀, ó ń rù ú gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwọn obìnrin ilé ń wò ó. Ọ̀ṣuntóyìn ni àgbà wọn. Ó tó ẹni àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n Jímọ̀ ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí náà ọkọ ni Jímọ̀ jẹ́ sí i, kì í sì í pe orúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ló ń pè é. Eyín mẹ́rin ti kúrò níbẹ̀, orúkọ ò kúrò.

"Eyínfúnjowó, ẹ kú iṣẹ́ omi o. Ṣé ara yín lẹ ń wẹ̀ ni, àbí ẹ ń wẹ ẹlòmíì?"

"Ooru ló ń mú mi, Ìyá."

"Nínú òjò yìí?"

Jímọ̀ ru garawa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Fèrèsé yàrá náà kò ju àwo ìjẹun lọ. Ó gun òrùlé, ó yọ páànù méjì, ó fi ọ̀rá funfun bo ojú ibẹ̀ kí ojúmọmọ lè wọlé. Ọ̀rá náà ń jò. Ó gbé àtùpà gáàsì wọlé kún un fún ìdájí àti ọjọ́ tí òjò bá ṣú. Ó tú fáànù pálọ̀ wá. Nígbà tí iná bá lọ, á fi páálí fẹ́ wọn, òun á máa làágùn, igi á máa gba atẹ́gùn. Ti òórùn ló nira jù. Ó sun tùràrí. Ó ra lọ́fíńdà, ó wọ́n ọn sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó tú kọ́tìnì búlúù Sàrátù láti pálọ̀, ó fi bo ojú fèrèsé. Ó wá fi àgádágodo kan ti ilẹ̀kùn, tí ti mọ́sálásí ò tó o.

Jímọ̀ rò pé òun ń bo igbó. Kò mọ̀ pé gbogbo nǹkan tí òun ń ṣe, nǹkan tí ọkọ ìyàwó tuntun ń ṣe ni.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó dá wà nílé fún ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ó gbọ́dọ̀ bá nǹkan sọ̀rọ̀. "Má tẹ̀ bẹ́ẹ̀, nàró. Mumi díẹ̀ sí i. Ìwọ lo lẹ́wà jù níbí, má sọ fún wọn."

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìnkùlé náà. Ògúntúndé adẹ́mu ló ń dá a. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ó wà lókè ọ̀pẹ, ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ọ̀rá funfun tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Òjìji nǹkan kan dúró níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń mi ìdí. Ó wá gbọ́ ohùn Jímọ̀ wẹ́rẹ́ pé, "Ìwọ lo lẹ́wà jù." Ògúntúndé sọ̀ kalẹ̀ láìgbé akèǹgbè. Kí oòrùn tó ràn, ilé mẹ́jọ ti gbọ́ pé Jímọ̀ Télọ̀ ti gbé ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ kan pamọ́ sí yàrá ìyá rẹ̀, tó ń jó fún un kí ó tó lọ kí ìrun àárọ̀. Lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ náà ti wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀rà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Jímọ̀ ti mọ́sálásí dé, ó bá mọ́tò Ṣéhù lẹ́nu ọ̀nà. Odó Sàrátù ti wà nínú rẹ̀, àti ẹní, àti agbọ̀n ẹja. Sàrátù fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí aṣọ rẹ̀. Kò sunkún. Ìyẹn ló ba Jímọ̀ lẹ́rù jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúulé," ni Ṣéhù wí. "N kò bá yín jà. Ẹrù ni mo wá kó. Bàbá wa ò sí mọ́, ṣùgbọ́n Kùránì tí ẹ fi búra ṣì wà lórí pẹpẹ."

"Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀!"

"Bàbá Jàmíátù," ni Sàrátù wí, "ẹ ṣílẹ̀kùn kí n rí i pé kò sí."

Jímọ̀ rò ó wò. Bó bá ṣí i, gbogbo agbo ilé á rí i, ọlọ́pàá á gbọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Bí kò bá ṣí i, Sàrátù ń lọ. Ó ṣì ń rò ó nígbà tí Ọ̀ṣuntóyìn yọ pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé méje. Ó gbé igbá omi dání. Nínú ilé yẹn, ìyàwó kì í wọlé kí wọ́n má wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin ilé ni, inú sì ń bí wọn pé Jímọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Sàrátù, ẹ̀yìn rẹ la wà," ni Ọ̀ṣuntóyìn wí. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀. Eyínfúnjowó, ẹ mú un jáde ká wẹ̀ ẹ́."

"Ara rẹ̀ ò yá," ni Jímọ̀ wí.

Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ibi tó ti wá.

Ọ̀ṣuntóyìn ní, "Kò burú. A ó wẹ̀ ẹ́ lórí ẹní." Sàrátù dìde lórí àpótí. Ṣéhù gbé àpótí náà jù sínú mọ́tò, ó ṣíná sí i. Ní àkókò náà gan-an ni Elijah yọ ní ìgun ọ̀nà lórí alùpùpù, ó rí èrò, ó yí orí padà, kò tilẹ̀ kí ẹnì kan.

Nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Jímọ̀ ò rò ó mọ́. Ó sáré, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ nìkan," ló wí. "Jọ̀ọ́, Ìyá Jàmíátù. Ìwọ nìkan."

Gbogbo èrò tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì nìkan ló wọlé, Jímọ̀ fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Sàrátù dúró láàárín igi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Fáànù ń fẹ́, ewé ń jó.

"Kí lèyí?"

"Igbó ni."

"Èyí tí wọ́n ń mu?"

"Èmi ò mu ún."

Sàrátù wo àtùpà. Ó gbóòórùn lọ́fíńdà. Ó fọwọ́ kan kọ́tìnì. "Kọ́tìnì mi nìyí." Ó wo fáànù. "Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń bẹ̀ yín kí ẹ so fáànù yìí sí yàrá mi." Ó rí ìkòkò ìyá ọkọ rẹ̀ tí igbó hù nínú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Ó ki etí gèlè bọ ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Níta, àwọn obìnrin gbọ́ ohùn kan tí wọn ò mọ̀ bóyá ẹkún ni. Wọ́n mirí.

"Ẹ fẹ́ ṣẹ̀wọ̀n nítorí ewé."

"Mo rò pé..."

"Ẹ má rò mọ́. Rírò yín ló gbé wa dé ibí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo rẹ̀ á ti wà nínú ṣálángá."

Ó nu ojú, ó tún gèlè wé, ó fa Jímọ̀ jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìró.

"Ìyàwó wà níbẹ̀," ló wí.

Ọ̀ṣuntóyìn gbé igbá omi sókè.

"Èmi ni. Ọkọ mi tún yàrá ìyá rẹ̀ ṣe dè mí. Ó fa kọ́tìnì, ó so fáànù, ó sun tùràrí. Ó fẹ́ kó bá mi lójijì. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

"Ta wá ni mo rí tó ń jó?" ni Ògúntúndé pariwo láti ẹ̀yìn.

"Kọ́tìnì. Ìwọ náà, bí ìwọ ṣe ń mu tó lókè ọ̀pẹ, kò sí nǹkan tí kò ní jó lójú rẹ."

Wọ́n fi Ògúntúndé rẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣuntóyìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na imú sí ilẹ̀kùn, ó fà á sínú lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo Jímọ̀. Ó wo Sàrátù.

"Wọ́n ní ara ìyàwó ò yá?"

"Ara mi ò yá, Ìyá. Wọ́n kó ẹrù mi sínú mọ́tò. Ta lara rẹ̀ á yá?"

Ọ̀ṣuntóyìn ro ìyẹn wò. "Ó dáa. Omi tí a ti bù, a kì í dà á padà sí kànga nílé yìí. Ta ni yóò wẹ ẹsẹ̀ ọ̀hún?"

Sàrátù nawọ́ sí Jímọ̀.

Níṣojú obìnrin mẹ́jọ, adẹ́mu kan àti àna rẹ̀, Jímọ̀ kúnlẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ ìyàwó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó fọ ọ̀tún, ó fọ òsì. Sàrátù ní kó tún ọ̀tún fọ̀, eruku Ọ̀rà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ṣéhù lọ pa iná mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ odó kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásàárì, Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Á fa igi mẹ́ta tu, á gé e sínú garawa, á fi àkísà bò ó, á rìn lọ sí ṣálángá bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn. Sàrátù jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ka igi. Nígbà tó di ìrìn kẹsàn-án, Ọ̀ṣuntóyìn pè é.

"Eyínfúnjowó, ṣé inú ló ń run yín?"

"Ó ń run mí, Ìyá."

Òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ fún un lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.

Ìgbà tó gbé igi tó gbẹ̀yìn dànù, tó fọ ìkòkò ìyá rẹ̀, tó gbé e padà sí ibi tó wà, ó wá rí i pé igi mẹ́ta ni òun mọ̀ ọ́n tọ́. Igi mẹ́ta kì í fẹ́ fáànù. Bó bá ti ju mẹ́ta lọ, o ní láti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ìyàwó rẹ. Bó o bá sì fi lọ̀ ọ́, kò ní gbà.

Àwọn obìnrin ilé ti pa adìyẹ fún ìyàwó tuntun. Adìyẹ Jímọ̀ ni, èyí tó ń yé sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Sàrátù àti Ọ̀ṣuntóyìn jẹ ẹ́ nínú yàrá tuntun, lábẹ́ fáànù, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò pe Jímọ̀. Ó jókòó síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀kọ tútù méjì ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti ọrùn adìyẹ.